Bí A Ti Ń Fún Ẹ̀dá Tí Kò Fẹ́ Afẹ́fẹ́ Ní Orúkọ

Gbogbo àwa tí a wá sí ilé ayé ni a mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí, pé ẹni tí ó bá mí síta tí kò tún mí sínú mọ́ ti di ará ọ̀run, àti pé igbe tí ọmọ tuntun kọ́kọ́ ké ni agbẹ̀bí fi ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀dá kan ń bẹ, tí wọ́n pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ, tí afẹ́fẹ́ yìí kan náà jẹ́ májèlé fún. Inú ẹrẹ̀ àbàtà tí omi ti dá lé lórí fún ìgbà pípẹ́ ni ilé wọn, àti ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, àti inú àpòlúkù màlúù, àti inú ìfun èmi àti ìwọ tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Bakitéríà ni wọ́n, ojú lásán kò sì lè rí wọn: ọmọ abínú-òkùnkùn-dàgbà, arinú-ìfun-ṣe-ilé, ẹ̀dá tí ó ti wà láyé kí ewéko kan tó hù, kí ẹranko kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí jáde láti inú òkùnkùn rẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àwọn ẹbí rẹ̀, tí wọ́n sì fi ń fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé yóò máa pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fojú kan nǹkan ni ó ni àwárí rẹ̀; ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ yìí, rírí nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ ní láti sìn ẹ̀dá náà láàyè, kí ó sì fà á lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ojú tiwọn náà lè rí ohun tí ojú òun rí. Kí ọ̀rọ̀ mi má baà fò kọjá lókè lásán, ẹyọ kan ni n ó tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: èyí tí Muriel Derrien, Elaine Vaughan, Caroline Plugge àti Willem de Vos ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 2004, ní Yunifásítì Wageningen ní ilẹ̀ Hólàǹdì, tí wọ́n sì sọ ní Akkermansia muciniphila.

Ní ọdún 1861 ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ń wádìí ohun tí í mú kí ṣúgà kan tí a fi sílẹ̀ di kíkan pẹ̀lú òórùn bọ́tà tí ó ti bàjẹ́. Ó kán ẹ̀kán omi náà sí abẹ́ awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì rí i pé àwọn ẹ̀dá tí ó wà ní àárín ẹ̀kán omi ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, nígbà tí àwọn tí ó wà ní etí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan omi, ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ láìlè mira mọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn kò rò pé ohun abẹ̀mí lè wà láìsí afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ọ̀ràn náà, nítorí pé bí ó bá ti wọ inú ẹ̀dá alààyè, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa yí padà di oró tí í jẹ èròjà ara run; àwa àti àwọn bakitéríà tí ń mí bíi tiwa ní ohun tí a fi ń pa oró náà kí ó tó ṣe wá ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará òkùnkùn kò ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n ní i ní ìwọ̀n tí kò lè gbà wọ́n lọ́jọ́ ogun.

Báwo wá ni ènìyàn, tí afẹ́fẹ́ yí ká láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣe lè sìn ohun tí afẹ́fẹ́ ń pa? Ìbéèrè yìí dí ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ, ẹni tí ó sì là á lọ́nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ títí di òní ni Robert Hungate, ará Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ mọ àwọn ẹ̀dá tí ń bá màlúù jẹ koríko nínú àpòlúkù rẹ̀, tí ó sì tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1950. Omi oúnjẹ tí a fẹ́ fi bọ́ bakitéríà ni a ó kọ́kọ́ gbé kaná, kí ó hó dáadáa, nítorí híhó a máa lé afẹ́fẹ́ tí ó wọnú omi jáde. Bí ó bá ti ń tutù, a ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò ní ọ́síjìn sí i lórí, irú bíi kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí ó máa ń wà nínú èémí tí a ń mí síta, ṣùgbọ́n tí a ti kọ́kọ́ mú gba inú bàbà gbígbóná kọjá, kí bàbà náà lè gba ìyókù ọ́síjìn tí ó bá sá pamọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi ìdérí rọ́bà tí ó nípọn dí ìgò náà pinpin. A ó tún fi èròjà bíi sísítínì tàbí sódíọ̀mù sọ́fáìdì sínú rẹ̀, kí ó lè gbé èyí tí ó kù mì, a ó sì kán aró kan tí a ń pè ní résásúrínì sí i. Aró yìí búlúù ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ́síjìn ti ń tán lọ, ó di àwọ̀ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà tí kò bá sì sí mọ́ rárá, àwọ̀ rẹ̀ a pòórá, omi a sì mọ́ gaara. Bí ó bá di ọ̀la tí a dé tí a bá a tí ó tún ti pọ́n, a ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti rí ihò gbà wọlé, iṣẹ́ ìgò náà sì ti di òfo.

Láti ìgbà náà lọ, abẹ́rẹ́ ni a fi ń gún rọ́bà náà láti fi nǹkan sí i tàbí láti fa nǹkan jáde, a kì í ṣí i. Àwọn ilé ìwádìí mìíràn ní àpótí ńlá tí a fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara ṣe, tí ó ní ìbọ̀wọ́ gígùn tí a so mọ́ ara rẹ̀, tí onímọ̀ yóò ti ọwọ́ bọ̀ láti ìta kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Náítírójìn ni ó kún inú àpótí náà jù, pẹ̀lú háídírójìn díẹ̀, irin olówó iyebíye kan tí a ń pè ní paládíọ́mù sì wà níbẹ̀ tí í mú kí háídírójìn gbá ọ́síjìn tí ó bá yọ́ wọlé mú, kí àwọn méjèèjì di omi. Èmi gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ yìí yẹ ní yínyìn ju bí a ti ń yìn ín lọ. Orúkọ ẹni tí ó rí ẹ̀dá tuntun a máa hàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ wa bí a ti í dí ẹnu ìgò, gbogbo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ì bá ṣì wà níbi tí Pasteur fi wọ́n sí.

Ní Wageningen, ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tí ń jẹ oje yíyọ̀ tí ó bo ògiri inú ìfun ènìyàn. Oje yìí ni ara wa ń pèsè láìdákẹ́ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀, kí ogunlọ́gọ̀ bakitéríà tí ó kún inú ìfun má baà fara kan ẹran ara; músìn ni orúkọ èròjà tí ó mú kí ó yọ̀. A ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn bakitéríà kan ń fi í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé olè wà nínú ọjà yàtọ̀ sí kí a fi ọwọ́ mú olè. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ náà dá rọrùn, ó sì jinlẹ̀: wọ́n se omi oúnjẹ tí ó jẹ́ pé músìn tí a mú láti inú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni ohun jíjẹ tí ó wà nínú rẹ̀, kò sí ṣúgà, kò sí ohun mìíràn tí ẹ̀dá lè fi kọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè jẹ músìn yóò kú sínú ebi. Wọ́n wá mú ìgbẹ́ àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ le, wọ́n fi sínú omi oúnjẹ yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í là á: ìdá kan nínú mẹ́wàá sínú ìgò kejì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgò kejì sínú ìgò kẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ títí wọ́n fi dé ìgò tí kò sí ohun kan tí ó hù nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ìgò tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí nǹkan hù sí, ẹ̀dá tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn tí ń jẹ músìn ni ó ṣeé ṣe kí ó kù, nítorí pé àwọn tí kò pọ̀ tó o ti tán lójú ọ̀nà. Nípa báyìí, ìṣirò nìkan ti ṣe ohun tí ojú àti ọwọ́ kò lè ṣe.

Síbẹ̀, ó ku ìpín tí ó le jù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à á jẹ ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à á jẹ imùmú. Bí ẹ̀dá méjì bá wà nínú ìgò kan tí a sì rò pé ọ̀kan ni, gbogbo ohun tí a bá kọ nípa rẹ̀ yóò jẹ́ irọ́ tí ó wọ aṣọ òtítọ́: oúnjẹ tí èkíní jẹ, a ó sọ pé èkejì ni ó jẹ ẹ́. Ẹ̀gbin tí èkejì ya, a ó kà á sí èkíní lọ́rùn. Nítorí náà ni wọ́n fi po ẹ̀dá inú ìgò ìkẹyìn náà mọ́ ágà rírọ̀, èròjà tí í dì bí ẹ̀kọ tútù, nínú ìgò tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ibi tí ẹyọ bakitéríà kan bá sùn sí nínú ágà náà ni yóò ti máa pín sí méjì, tí méjì yóò di mẹ́rin, títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi di ẹ̀kán kékeré tí ojú lè rí, tí gbogbo wọ́n sì jẹ́ ọmọ baba kan. Ẹ̀kán yẹn ni a ó yọ, tí a ó tún là, tí a ó tún gbìn, tí a ó sì tún yẹ̀ wò lábẹ́ awò. A ó gbé e sínú oúnjẹ mìíràn láti mọ̀ bóyá àjèjì kan tí ó fara pamọ́ yóò yọjú. A ó ka jíìnì rẹ̀ láti rí i bóyá ohùn kan ṣoṣo ni a ń gbọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Èyí tí ó yọrí sí mímọ́ ní Wageningen ni wọ́n fi àmì Muc sí, kò tíì ní orúkọ.

Àpèjúwe ara rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rí róbótó gígùn bí ẹyin, ó ń dá wà tàbí kí ó wà ní méjì-méjì, kì í rìn, kì í sì í ṣe èso líle tí àwọn bakitéríà kan fi ń la ìgbà ọ̀dá já. Nígbà tí wọ́n kùn ún ní aró ní ìlànà tí Hans Christian Gram, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, fi lélẹ̀ ní ọdún 1884, kò di aró àkọ́kọ́ mú, èyí sì fi hàn irú ògiri tí ó yí ara rẹ̀ ká. Bí wọ́n bá fi músìn bọ́ ọ, ó ń da ẹ̀wù bora, ó sì ń kó ara rẹ̀ jọ. Bí wọ́n bá fún un ní glúkóòsì tàbí àwọn ṣúgà mélòó kan tí ó jọ èyí tí ó wà nínú músìn, ó jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n àfi bí purotéènì bá wà níbẹ̀, kò sì yára hù bí ìgbà tí ó bá rí oúnjẹ ilé rẹ̀. Ìgbóná 37 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ó bá a lára mu jù, èyí tí í ṣe ìgbóná ara wa. Nínú jíìnì rẹ̀, ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni lẹ́tà G àti C. Ohun tí ẹ̀dá kan kò lè jẹ níye lórí nínú irú ìwé báyìí bí ohun tí ó lè jẹ, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ẹlòmíràn yóò fi dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá pàdé rẹ̀.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí níhìn-ín. Láti ọdún 1977 tí Carl Woese àti George Fox ti fi hàn pé a lè tọ ìran gbogbo ẹ̀dá alààyè láti inú ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo wọn fi ń ṣe purotéènì, jíìnì kan tí a ń pè ní 16S, tí ó gùn tó nǹkan bí 1,500 lẹ́tà, ni a ń kà láti mọ ẹni tí ó bí bakitéríà kan. Bí jíìnì yìí nínú ẹ̀dá méjì kò bá jọra tó ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń kà wọ́n sí nígbà náà. Lóde òní wọ́n ti gbé ààlà náà sókè díẹ̀, wọ́n sì ń fi odindi jíìnì ara méjèèjì wé ara wọn. Ẹni tí ó súnmọ́ Muc jù nínú gbogbo àwọn tí ó ti ní orúkọ ni Verrucomicrobium spinosum, ẹ̀dá inú omi, ìjọra wọn kò sì ju ìdá 92 lọ. Kì í ṣe ẹ̀yà tuntun nìkan nìyẹn. Ìran tuntun ni, tí ó dá dúró ní tirẹ̀ nínú agboolé àwọn Verrucomicrobia.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún jáde tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Jíìnì Muc jọ ti àwọn mẹ́ta kan tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn mẹ́ta tí a ti ka jíìnì wọn láti inú ìfun ènìyàn, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó tíì sìn wọ́n rí. Àwọn kan ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀dá yìí ṣáájú, wọ́n ti wọn gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ, bí ó ti rí, ohun tí ó ń ṣe nínú ara wa, kò sí ohun kan nínú ipa ẹsẹ̀ náà tí ó lè sọ ọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Lónìí, òfin tí a fi ń sọ bakitéríà lórúkọ gbà kí a máa fi ọ̀rọ̀ Candidatus síwájú orúkọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ tí a kò tíì sìn, àwọn onímọ̀ kan sì ti gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 2022, tí a ń pè ní SeqCode, èyí tí ó gbà kí odindi jíìnì tí a kà dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún orúkọ. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn bakitéríà ayé ni kò tíì gbà kí a sìn wọ́n, kò sì bójú mu kí a fi wọ́n sílẹ̀ láìlórúkọ títí ayé. Síbẹ̀, èmi kò lè fi orúkọ tí ó wà lórí ìwé wé orúkọ tí a lè pè kí ẹni tí ó ni ín jẹ́ wa.

Nípa orúkọ fúnra rẹ̀, Látìnì ni a fi ń sọ ọ́, tàbí èdè mìíràn tí a wọ̀ ní aṣọ Látìnì, ìwé òfin sì dámọ̀ràn pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Àwọn ará Wageningen fi orúkọ ìran náà bu ọlá fún Antoon Akkermans, ọmọ ilẹ̀ wọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ìgbé ayé àwọn bakitéríà. Orúkọ ẹ̀yà sì ń sọ pé ó fẹ́ràn músìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 ni a bẹ̀rẹ̀ kíka orúkọ bakitéríà ní ọ̀tun, tí a tẹ ìwé àwọn orúkọ tí a fọwọ́ sí, tí a sì pa àìmọye orúkọ àtijọ́ tì, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tún lè sọ ẹ̀dá tí wọ́n ń tọ́ka sí. Láti ìgbà náà, orúkọ tuntun kò fìdí múlẹ̀ àfi bí ó bá jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan ṣoṣo tí a yàn fún un, tàbí kí a kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí ìwé náà ń tẹ̀.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ wá dúró lé nìyí. Láti ọdún 2001, òfin ti wí pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bakitéríà lórúkọ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dá náà láàyè pamọ́ sí ilé ìpamọ́ méjì ní orílẹ̀-èdè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn ilé náà sì fi ìwé jẹ́rìí pé àwọn gbà á, pé ó hù lọ́wọ́ àwọn, àti pé ẹni tí ó bá béèrè fún un yóò rí i gbà. Bí iná bá jó ọ̀kan, bí ogun bá dé bá ọ̀kan, èkejì yóò ṣẹ́kù. Muc wà ní Amẹ́ríkà, ní ilé ìpamọ́ ATCC, ní nọ́ńbà BAA-835, ó sì wà ní ilé ìpamọ́ Institut Pasteur ní ìlú Paris, ní nọ́ńbà 107961. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń fi òtútù gbẹ omi ara bakitéríà tàbí kí a dì í gbagidi, tí yóò fi sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ láìmu, tí yóò sì jí nígbà tí a bá fún un ní omi àti músìn nínú ìgò tí kò ní afẹ́fẹ́. Mo ka èyí sí ìwà ọmọlúwàbí tí ó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: pé ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù lé ẹ̀dá kan kiri kò ní ẹ̀tọ́ láti há a mọ́wọ́, pé ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá lè kọ̀wé kí ó gbà á, kí ó sì dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Wọ́n sì ti dán an wò. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ tí Patrice Cani ṣáájú ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí de Vos sì wà lára wọn, fi Muc bọ́ àwọn eku tí a ti fi oúnjẹ ọlọ́ràá mú sanra, ọ̀rá ara wọn dínkù, ara wọn sì ń lo ṣúgà dáadáa sí i. Ní ọdún 2019 wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn: àwọn tí ó sanra jù ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà fún oṣù mẹ́ta, 32 nínú wọn sì bá a dé òpin, èyí tí a sì ti fi ooru pa ni ó ṣe ara wọn ní àǹfààní ju èyí tí ó wà láàyè lọ. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2016 tún fi hàn pé ẹ̀dá tí a kọ nípa rẹ̀ ní 2004 pé kò fẹ́ ọ́síjìn rárá lè fara da ìwọ̀nba tí ó kéré púpọ̀ nínú rẹ̀, kódà ó lè lò ó, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ìfun tí ó ń gbé kò jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn kiri. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ará Wageningen tún fi músìn dẹ pańpẹ́ sínú ìgbẹ́ òjòlá ńlá ilẹ̀ Éṣíà, wọ́n sì rí èkejì ìran náà mú, wọ́n sọ ọ́ ní Akkermansia glycaniphila, wọ́n sì fi í pamọ́ sí ilé méjì, ọ̀kan ní Jámánì, èkejì ní Paris.